Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ìyá ìkókó náà pẹ̀lú

Tẹ́ ẹ bá délé ọmọ tuntun, gbogbo èèyàn ló máa gbé ọmọ wò, wọ́n á ní imú bàbá ẹ̀ ló gbé wáyé, ìyá tó bí i wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ó ti jẹun, ṣé ó rí oorun sùn lóru. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tí àbúrò mi bímọ, ó ku díẹ̀ ká sọmọ lórúkọ ló ní orí ń fọ́ òun, ojú òun sì ń ṣú. Gbogbo ilé ní àìsùn ni, wọ́n ní kó lo Panadol, àfi màmá wa ló ní rárá o, ẹ gbé e lọ ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru la bá níbẹ̀, ó sì ga gidi, bẹ́ẹ̀ BP ẹ̀ ò ga rí nígbà tó wà nínú oyún. Ọlọ́run ṣeé, wọ́n tètè tọ́jú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ lè ru lẹ́yìn ìbímọ, títí dé bí ọ̀sẹ̀ 6, ó sì lè di gìrì sí ìyá ọmọ lára.

Torí náà orí fífọ́ tí ò lọ, ojú tó ń ṣú, ibà, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dùn, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó kún páàdì láàárín wákàtí 1, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná, ẹ gbé e lọ! Omi gbígbóná tẹ́ ẹ ń ní kó jókòó sí náà, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó, èyí tó ń hó máa bó o lára ni.

Ẹkún sísun ńkọ́? Ó sábà máa ń wáyé láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, á sì lọ, àmọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 tí inú ẹ̀ ò dùn, tí ò fẹ́ rí ọmọ sójú, àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú, ẹ má pè é ní aláìmoore.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, láti 2022 nìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fáwọn òṣìṣẹ́ wọn tíyàwó wọn bá bímọ. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ gbọ́mọ lóru, ẹ fọ nápí, kíyàwó yín lè sùn. Tọ́kàn ẹ̀yin náà bá sì wúwo, ẹ sọ fún dókítà, ó ń ṣe ọkùnrin náà.