Letmauk Kò Pa Mí, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Mo pé ọdún 100. Ojú mi ò ríwèé kà mọ́, èmi ń sọ, ọmọ-ọmọ mi ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bó bá ṣì mí gbọ́, òun ni kẹ́ ẹ bá wí.

Òun náà ló fa ẹ̀rí yìí. À ń bọ̀ láti ọsibítù, a gba Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró nítòsí bárékè àwọn sójà. Ó ka orúkọ tó wà níbẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, Letmauk, èdè wo lèyí? Ṣé Hausa ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibi tí ǹ bá kú sí ló ń pè yẹn. Abúlé kan ni, ní ilẹ̀ Bọ́mà tí wọ́n ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Arakan tó wà lára bárékè Àpápá l'Ékòó, Bọ́mà náà ni wọ́n ti gbé e wá.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí ní 1943. Iṣẹ́ oko kòkó bàbá mi ti sú mi, wọ́n wá ní ìjọba Òyìnbó ń gba ọmọ ogun fún Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n á sì fún wa ní bàtà. Mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run: nítorí bàtà ni mo ṣe lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard, Òyìnbó tó wá di gómìnà wa, kó jọ láti máa ṣọ́ ààlà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni mo wọ̀. Ààlà ilé wa ni mo rò pé a máa ṣọ́. Ààlà Íńdíà àti Bọ́mà la bá ara wa.

Ọ̀wọ́ ńlá méjì ni wọ́n pín wa sí, Dìfíṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Dìfíṣọ̀n 81, aláǹtakùn ló wà lápá aṣọ wọn. Dìfíṣọ̀n 82 lèmi wà. Àmì tiwa, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká. Òṣùká o! Òyìnbó kúkú mọ ohun tó kó wa wá ṣe. Òkè lórí òkè ni ilẹ̀ Arakan, igbó ọparun, ẹrẹ̀, mọ́tò ò lè débẹ̀. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wa, àwa la ń fi orí rù ú dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà. Ìrẹsì, àpò méjì ni wọ́n máa ń wọ̀ fún un kó má bàa bẹ́ tó bá jábọ́. Eṣúṣú ń wọnú bàtà tí mo tìtorí ẹ̀ wá. Ìwé Òwe ní ọmọbìnrin méjì ló ní, "Mú wá, mú wá" ni wọ́n ń ké. Tiwa pọ̀ ju méjì lọ dáadáa.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, à ń lé àwọn ará Japan, ọ̀tá wa, lọ sí ọ̀nà ìlú An. Wọ́n dé Letmauk, wọ́n yarí. Àpò ìrẹsì wà lórí mi, a tò tẹ̀lé ara wa bí ìjàlọ, ni ọta mọ́tà, ìbọn tó ń ju bọ́ǹbù sókè, bá bọ́ sáàárín wa. Mi ò gbọ́ ariwo kankan. Ìrẹsì ni mo rántí. Ó ń tú sí mi lójú, ó ń gba ọrùn wọ inú ẹ̀wù mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Irin tí ì bá la orí mi ti wọnú àpò. Irin kejì gé mi nítan. Àwọn méjì tó wà níwájú mi ò dìde mọ́.

Ọmọ Tiv kan ló wà lẹ́yìn mi. Ẹrù ìjọba ni o, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà nù, àmọ́ ó da tirẹ̀ nù. Ó tú òṣùká orí rẹ̀, ó nà án, ó fi di itan mi pinpin, ó pọ̀n mí. Hausa la jọ ń sọ. "Kada ka yi barci," kí n má sùn, ohun tó ń wí nìyẹn títí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì.

Tèmi tilẹ̀ kéré. Isaac Fadoyebo, sójà bíi tèmi, ará Emùré-Ilé, ìbọn bà á létí odò Kaladan ní 1944, ó sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí i gbé kúrò níbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, tó ń fi í pamọ́ kí àwọn ará Japan má bàa rí i.

Mo délé ní 1946. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún wa, mi ò rí i títí dòní. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èkó lèmi àti ọmọ Tiv yẹn ti pínyà, mo wá a títí, mi ò gbúròó rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi lówùúrọ̀ àti lálẹ́, àmọ́ Ọlọ́run nìkan ni mò ń dárúkọ rẹ̀ fún.

Àpò ìrẹsì márùn-ún ni mo gbé wá fún àwọn opó ìjọ. Ọmọ-ọmọ mi ní òun máa fi orí gbé ọ̀kan láti ẹnu géètì dé iwájú pẹpẹ, kóun lè mọ bó ṣe rí. Mo ní kó lọ wá aṣọ wá. Èmi fúnra mi ni mo ká òṣùká náà fún un.