Ìlà wa ni wọ́n mọ̀

A ti parí kíláàsì àwòrán ìmọ̀ ẹ̀rọ (technical drawing) ti ọdún yìí lónìí. Mo gba àwọn T-square, rúlà gígùn tó rí bíi lẹ́tà T, padà, mo kà wọ́n, ọ̀kan ò pé. Tábìlì kẹta ṣì ń mì. Mo ti yàrá àwòrán pa, mo dé ilé, mo wẹ̀, mo sùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá létí mi nígbà tí mo jí.

"Ìlà wa ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ̀ wá."

Ẹ̀yìn fèrèsé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì kan ti sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń to set square, rúlà onígun mẹ́ta, wọn ò rí mi. Ọ̀kan bi èkejì pé ṣé tíṣà máa rántí àwọn tí ọdún bá yípo. Gbólóhùn yẹn ni èkejì fi dáhùn, wọ́n sì kọjá lọ. Kò sẹ́rìn-ín ńbẹ̀, kò sí ìbínú. "Wọ́n" yẹn gan-an ló ń dùn mí. Níbi tí ò ti mọ̀ pé mò ń gbọ́, ó ṣì fi ọ̀wọ̀ pè mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé, ta ni ò bú tíṣà rí nígbà ọmọdé? Kò bú mi. Ohun tó rí ló sọ.

Ṣé òótọ́ ni ṣá?

Ẹ da bébà àwọn mọ́kànlélógójì sílẹ̀ níwájú mi láìsí orúkọ kankan lára wọn, màá pín in fún kálukú láìṣì. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá yí bébà rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ lè fi ìka tọ ìlà náà. Ẹnì kan wà tí ìlà rẹ̀ máa ń dúdú níbẹ̀rẹ̀, tí á máa ṣá lọ títí, bíi pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ kí ọwọ́ tó dé òpin. Òbìrìkìtì ti ẹlòmíì kì í pàdé, torí kọ́ńpáàsì rẹ̀ ti dẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí á fi bí irun orí kan yàtọ̀ síra. Mo mọ̀ wọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn. Ṣé èèyàn lè mọ ohùn ẹnì kan kó má mọ ẹni náà?

Ó mà ṣeé ṣe o.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́wọ́ òsì kan ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ìlà rẹ̀ tí kì í dọ̀tí, gbogbo bébà á ṣú bíi pé èéfín fẹ́ lù ú. Mo fi bírò pupa kọ "Ìmọ́tótó!" sí i. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí mo wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà ni mo ní kí gbogbo kíláàsì fi orí T-square ti etí òsì pátákó, bí a ṣe kọ́ èmi náà. Etí ọ̀tún ló yẹ kí ọlọ́wọ́ òsì fi í tì, kó máa fa ìlà láti ọ̀tún wá sí òsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò máa nu ohun tó ti yà. Mo bá a yí i padà. Bébà tó tẹ̀ lé e mọ́ tónítóní. "Ẹ ṣé, sà." Ọ̀rọ̀ tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méje.

Àbí òun ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé? Mi ò mọ̀. Mo ń ròyìn pé mo mọ ìlà bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn, àmọ́ mi ò dá ohùn yẹn mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbèjà ara mi díẹ̀. Kí gan-an ni iṣẹ́ yìí? Ẹni tí yóò fi àwòrán gé irin lè má rí ẹni tó yà á láéláé. Ojú iwájú, ojú òkè, ojú ẹ̀gbẹ́, ìlà gbọrọ fún ohun tó hàn, ìlà jájàájá fún ohun tó fara sin, wíwọ̀n rẹ̀ ní mìlímítà, ó tán. Tí èèyàn bá ní láti dúró ti àwòrán rẹ̀ kó máa ṣàlàyé, àwòrán náà ò tíì parí. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn látọdún tó kọjá pé, "Má ṣàlàyé fún mi. Jẹ́ kí àwòrán sọ ọ́."

Bí mo ṣe wá kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ báyìí...

Ọmọbìnrin kan wà tó fẹ́ fi kọ́ńpáàsì àti rúlà tí kò ní nọ́ńbà pín igun sí mẹ́ta ọgbọọgba. 90° gbà fún un, ìyẹn rọrùn. Ló bá kọjú sí 60°. Ó mú un wá lọ́jọ́ Ajé, ó tún mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì, bébà ti fẹ́ lu níbi tó ti ń pa á rẹ́. Mo ní kó yéé fàkókò ṣòfò, pé láti ọdún 1837 ni Pierre Wantzel, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Òótọ́ ni mo sọ. Kò tún mú igun kankan wá bá mi mọ́.

Ọdún náà dùn o, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé kò dùn. Lọ́jọ́ tí isometric, àwòrán tó ń fi ojú mẹ́ta ohun kan hàn pa pọ̀, yé wọn, tí wọ́n gbé ìlà 30° sí ọ̀tún àti sí òsì tí àpótí sì dìde látinú bébà, ẹnì kan pariwo pé, "Ó yọ síta!", gbogbo kíláàsì sì dìde wá wò ó. Mi ò lè gbàgbé. Jíà eléyín tí wọ́n fi páálí gé náà yí dáadáa, eléyín 12 yípo ẹ̀ẹ̀mẹta kí eléyín 36 tó yípo ẹ̀ẹ̀kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé...

Bébà kan ṣì wà níwájú mi. Kò sórúkọ nínú àpótí ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Ìlà rẹ̀ dúdú níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń ṣá lọ. Mo mọ ẹni tó ni ín. Ìjókòó kejì sí ẹnu ọ̀nà. Pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo ló máa ń mú wá, ó ti kúrú tó fi jẹ́ pé ìka méjì ló fi ń dì í mú. Mi ò bi í rí bóyá ó ní òmíràn.