Ìtàn Àjàyí àti Àìná fún Àwọn Ọmọ Tí A Ń Tọ́ ní Kent

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń kanlẹ̀kùn, gbogbo àwa tí a ń tọ́mọ ní ìlú Ọba ti mọ ohun tó ń bọ̀. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń fi oṣù yìí rántí ìtàn àwọn èèyàn dúdú níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ á fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá: mú gbajúmọ̀ kan, kà nípa ìgbésí ayé rẹ̀, kí o wá sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n á mú Rosa Parks, àbúrò á mú Mary Seacole. Bó bá di ẹ̀ẹ̀míì, wọ́n á pààrọ̀ wọn.

N kò ní ohunkóhun sí àwọn obìnrin méjèèjì yìí. Mary Seacole, ọmọ Kingston ní Jàmáíkà, ni wọ́n kọ̀ láti gbà síṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà ogun Crimea, tó sì wá owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun lójú ogun níbẹ̀. Ère rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀n láti ọdún 2016. Ó yẹ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ń ká mi lára ni pé Gillingham ni à ń gbé, ní Kent, nítòsí Canterbury, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá méjì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí ṣáájú wa, tí ìtàn wọn tó kí ọmọdé máà lè sùn, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀kan nínú wọn kọjá láìmọ̀.

Ìwé wà o. Ilé ìkàwé àdúgbò wa ní ìwé tinrín-tinrín tí wọ́n ya àwòrán sí dáadáa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti òpin. Ojú ìwé àkọ́kọ́ á ti sọ fún ọmọ pé Samuel Àjàyí Crowther ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún méje fẹ́ fi bíṣọ́ọ̀bù ṣe? Àgbàlagbà ni oyè máa ń wú lórí. Ọmọdé fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà ti kéré rí, bóyá ẹ̀rù ti bà á rí, àti ibi tí ìyá rẹ̀ wà nígbà tí ẹ̀rù ń bà á.

Àjàyí fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Lọ́dún 1837, nígbà tó ń ṣe tíṣà ní Fourah Bay ní Sàró, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe mú òun lẹ́rú. Lẹ́tà yẹn ni mo máa ń lò. Mo máa ń kà á sínú ara mi lọ́sàn-án, bó bá di alẹ́, mo máa sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, nítorí pé Yorùbá ni gbogbo nǹkan tó wà nínú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní Òṣoogùn, lápá ibi tí Ìṣẹ́yìn wà. Àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Ariwo ta pé ogun ti dé ẹ̀yìn odi. Bàbá Àjàyí sáré wọlé láti ojú ìjà, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó padà sójú ìjà, wọn kò tún fojú kàn án mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ó sì ń fa àwọn yòókù lọ́wọ́. Wọ́n dé inú igbó, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ra wọn bí ewúrẹ́. Òun gan-an ló fi wé bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Kò tíì ju ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin.

Níbi ẹṣin yìí ni ọmọkùnrin mi ti máa ń dá mi dúró. Ṣé ẹṣin kan ṣoṣo ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon gbá ọkọ̀ ẹrú náà mú lójú òkun. Àwọn ìwé ọmọdé máa ń fò kọjá lọ níbí: wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ó kàwé, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibí yìí gan-an ni adùn ìtàn wà. Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹni tó wá gbà wọ́n ni. Lójú wọn, ọ̀tá mìíràn ti dé. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ ogun náà, wọn kò rí àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn mọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ẹran tí wọ́n fi kọ́. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí nǹkan roboto-roboto tí wọ́n tò jọ. Wọ́n ní ó ti tán: ẹran ara àwọn ọ̀rẹ́ wa lèyí, orí wọn nìyẹn.

Àjàyí rọra sún mọ́ ẹran náà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó ní pátákò tó là sí méjì. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó yọ́ lọ sídìí àwọn nǹkan roboto yẹn, ó rí i pé irin ni, ọta àgbá tí ọkọ̀ ogun fi ń jà. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

“Mọ́mì, ó lọ wò ó fúnra rẹ̀,” bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin mi wí. Ohun tó fà yọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ. Bí mo bá fi bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀, kò ní rí ọmọ tó dá wà lórí ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ, tí ẹ̀rù ń bà, tó sì lọ wo nǹkan náà ní tòsí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo ń sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àjàyí kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé ayé sú òun nígbà kan débi pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Èyí n kò tíì sọ fún àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ti wọ sẹ́kọ́ńdírì. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un, mo sì jẹ́ kó mọ̀ pé bí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ bá wá sí òun náà lọ́kàn lọ́jọ́ kan, kó tọ̀ mí wá. Ó bi mí láwọn nǹkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí kò bi mí rí.

Mo sì sọ fún àwọn méjèèjì pé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó ja Òṣoogùn lógun, pẹ̀lú àwọn Fúlàní. Yorùbá wà níbẹ̀. Kò rọrùn lẹ́nu òbí, pàápàá ní ìlú òkèèrè tí a ti ń wá ọ̀nà kí orí ọmọ lè yá sí ibi tí òbí rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá fi ìtàn tí a ti fọ̀ mọ́ tọ́, yóò ka èyí tó kù níbòmíràn, yóò sì wá bi wá pé kí ló dé tí a fi pamọ́.

Ìbéèrè tí àbúrò bi mí ló gùn jù lọ ní ilé wa: ṣé ó tún rí ìyá rẹ̀? Ó rí i. Ó gbà tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àjàyí ti di àlùfáà, wọ́n sì ti rán an wá sí Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlá, wá bá a. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé àwọn jókòó, àwọn ń wo ara àwọn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn lójú ìyá rẹ̀ tó ti rù. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi ké e nígbà tó wà lọ́mọdé pè é, ó sì rántí àwọn orúkọ náà. Nígbà tí mo bá dé ibí, ọmọbìnrin mi máa ń ní kí n ki òun. Mo máa ń kì í ní oríkì rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kí n tó máa bá ìtàn lọ.

Láti Gillingham, rélùwéè gbé wa dé Canterbury láìpẹ́ rárá. Inú kàtídírà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ Àfàlá, oyè náà wá ní ìtumọ̀ lójú wọn. Mo sọ ìyókù fún wọn nínú ọgbà ibẹ̀: pé nígbà tó darúgbó, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọn kò tó ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí dé sí etí odò Ọya, wọ́n tàbùkù rẹ̀, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ìbànújẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn lọ́dún 1890, ó sì kú ní Èkó lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Inú kàtídírà yẹn kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby ti tọrọ àforíjì lọ́dún 2014 nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ọmọdé mọ ohun tí àforíjì jẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ó tó.

Àìná ni ẹnì kejì. Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n bí i sí, nǹkan bí ọdún 1843. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú náà lọ́dún 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ààfin Ọba Ghezo. Lọ́dún 1850 ni ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Frederick Forbes gbà á lọ́wọ́ ọba, ó sì mú un wá bá Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ ọ̀gákọ̀ náà àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ìdílé Schön ló gbà á tọ́ ní Gillingham níbí, ní ilé tí wọ́n ń pè ní Palm Cottage. Wọ́n ti fi àmì ìrántí sára ilé náà. Ọ̀gbẹ́ni Schön yìí kan náà ló bá Àjàyí wọ ọkọ̀ gòkè odò Ọya lọ́dún 1841. Ilé kan náà ni ìtàn àwọn méjèèjì ti pàdé.

Àwọn ìwé ọmọdé fẹ́ràn Àìná nítorí ọbabìnrin àti aṣọ ìgbéyàwó. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n ní kó fẹ́ James Davies, oníṣòwò tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó gba Sàró wá, ó kọ̀wé sí Ìyáàfin Schön, tó ń pè ní Màmá, pé òun kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, òun kò sì ní fi ìfọ̀kànbalẹ̀ òun ra owó. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Brighton. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo fi han ọmọbìnrin mi lórí fóònù, ó wo ojú Àìná pẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní Madeira lọ́dún 1880, kò tíì pé ogójì ọdún. Ọkọ rẹ̀ gbé òpó òkúta dúró fún ìrántí rẹ̀ ní oko rẹ̀ ní Ìjọn, níbi tó ti gbin kòkó.

Ìyá mi wà ní Ìlaró, Òkè-Ọ̀dàn kò jìnnà sí wọn. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lórí WhatsApp. Ó sọ fún wọn bí ojú ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí, irú ẹran tí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Nígbà tí ọmọbìnrin mi dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Victoria. Ó ní ìyá àgbà òun ń ná ọjà ní ìlú tí wọ́n bí Àìná sí, Àìná sì gbé ní ìlú wa níbí. Tíṣà rẹ̀, ọmọ Gillingham tòótọ́, ní òun kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Manchester náà ní tiyín: ìtòsí yín ní Cheshire ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti kàwé láti 1919 sí 1922, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó gúnlẹ̀, tó wá pa Frances, orúkọ òyìnbó rẹ̀, tì. Ẹ sọ ti ọmọbìnrin yẹn fún wọn kí ẹ tó dé orí ìjà tó bá Aláké jà nítorí owó orí.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin mi ti mú ẹni tó fẹ́. Àfàlá ni, ìyá Àjàyí, tí wọ́n rì bọmi ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1848, tí wọ́n sọ ní Hannah. N kò rí ìwé ọmọdé kankan tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. A ti ra ìwé àjákọ, ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ìyá mi sì ti ṣèlérí láti bá wa wádìí irú oúnjẹ tí wọ́n ń sè ní àárọ̀ ní Òṣoogùn.