Òkú Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Kó

Mo ti padà dé láti Hasankeyf, ìlú àtijọ́ kan ní Turkey. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọbẹ̀ àná ni mo gbé kaná, mo jẹun, mo jókòó, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ò sì kúrò létí mi.

Inú dolmuş la wà, bọ́ọ̀sì kékeré ibẹ̀, láti ìlú Batman, bíi kìlómítà 35. Ìyá náà ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Kurdish, ọ̀rẹ́ mi wá yọ́ ọ sọ sí mi létí: "Ó ní òkú ni wọ́n kọ́kọ́ kó, kí wọ́n tó wá kó àwa."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Zeynel Bey, ọmọ Uzun Hasan ọba àwọn Akkoyunlu tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, tó bá ogun Otlukbeli lọ ní 1473: oṣù karùn-ún 2017 ni wọ́n gbé ibojì rẹ̀. Odindi ilé ni o, ó tó 1,100 tọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé e karí ọkọ̀ onítáyà rẹpẹtẹ, ó rìn bíi kìlómítà méjì. Oṣù keje 2019 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sé omi ní ìsédò (dam) Ilısu. Ilé, ọjà, ọ̀wọ̀n afárá tí àwọn Artuklu, ìdílé ọba ayé àtijọ́, kọ́ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, ihò àpáta tí àwọn bàbá ńlá wọn gbé, omi bo gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn.

Inú bí mi. Ṣé òkú ló ń wá ilé ni? Ẹni tó ṣì ń mí, tó ní ọmọ lẹ́yìn, òun ló kẹ́yìn?

Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fi Zeynel Bey sílẹ̀ kí omi gbé e mì, èmi gan-an ni màá ké jù. Èmi tí mo sá àgbàdo lórí ibojì Màmá láti kékeré...

Bọ̀dá tún pè láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ títa ilé wa náà ni. Mi ò gbé e.

Ohun tó dùn mí jù ni pé omi náà lẹ́wà. Odò Dicle ni, Hidékélì inú Jẹ́nẹ́sísì tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ń gbé àwọn arìnrìn-àjò kọjá lókè ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà rí. Mo ya fọ́tò. Ojú ń tì mí pé mo yà á, mi ò sì lè pa á rẹ́. Odi orí àpáta ṣì wà lókè, omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlú tuntun tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ fẹ̀, ilé rẹ̀ jọra bí ìbejì.

Mo fẹ́ gbàgbé eléyìí: ìyá náà ti sọ̀kalẹ̀ ṣáájú wa, ó ní òun fẹ́ lọ kí ọkọ òun. Apá itẹ́ òkú tuntun ló kọjú sí, pẹ̀lú ọ̀rá tòmátì lọ́wọ́.

Àbí kò ráhùn rárá? Àbí ohun tó ń sọ ni pé ọkọ òun ló ṣáájú débẹ̀, tó ti ń dúró de òun? Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń yí i, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà.

Màá pe Bọ̀dá lọ́la. Mo kàn fẹ́ bi í pé tí a bá ta ilé náà, Màmá ńkọ́?