Ẹ́ńjìnnì ti jí, ṣùgbọ́n kò tíì fara balẹ̀: ọ̀nà epo kékeré inú kábúrétọ̀ ló kù

Bí a bá ti ṣókù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò), pa, ẹ́ńjìnnì ń dún geere. Bí a bá ṣí i, ìró rẹ̀ á máa ròkè, á máa rọlẹ̀, lẹ́yìn náà á kú. Àmì pé epo tó ń wọlé kò tó afẹ́fẹ́ tó ń bá a wọlé nìyẹn.

Táńkì ti gbẹ, asẹ́ inú táàpù epo ti mọ́, okùn epo tó ti le ti kúrò, púlọ́ọ̀gì tuntun sì ti wọlé, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.7 mm.

Epo àtijọ́ tí a dà sínú ìgò funfun pọ́n bíi tíì, ó ń rùn bíi fáníìṣì, omi sì tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹntiróòlù tó pẹ́ ń pàdánù èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì sọ èyí tó kù di oje tó ń lẹ̀. Bí ethanol bá wà nínú rẹ̀, ó ń fa omi mọ́ra. Irú epo yìí kò ṣeé pò mọ́ tuntun, kò sì yẹ kó dé gọ́tà. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìdọ̀tí olóró ni kó lọ.

Bóòtì 10 mm ló di àwo kábúrétọ̀ mú. Jẹ́ẹ̀tì ni irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá; ńlá mọ́ tán ní kíákíá. Ara ti kékeré ni iṣẹ́ wà: ihò rẹ̀ kò tó ìdajì mílímítà. Fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo láti inú wáyà iná ni kí ẹ fi yọ ìdọ̀tí inú ihò náà. Idẹ tí a fi ṣe jẹ́ẹ̀tì rọ̀, wáyà irin yóò fẹ ihò náà, epo á sì pọ̀ jù títí ayé. Ẹ yọ gbogbo rọ́bà kí oògùn ìfọ̀ tó kàn án, torí ó ń wú u. Ẹ sì fi gíláàsì bo ojú.

Síbẹ̀ ó ṣì ń ròkè, ó ń rọlẹ̀. A ti ọ̀pá tó wà lókè jẹ́ẹ̀tì ńlá jáde, a sì rí i pé ọ̀pọ̀ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dí. Lẹ́yìn tí a là wọ́n, ó gbé ẹrù dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láìsí ẹrù kò yàtọ̀. Ó wá ku ihò mẹ́ta tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abala pẹlẹbẹ tírótù, ìlẹ̀kùn tó ń díwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí súkúrù tó ń díwọ̀n epo wọlé jẹ́jẹ́, ẹ ka iye ìyípo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ fọ́n oògùn sí ojú ihò rẹ̀: ó yẹ kó tú jáde ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níhìn-ín, ọ̀kan péré ló ń tú.

Yíyọ ìpáàrà inú táńkì ló yẹ kó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn. Kábúrétọ̀ yóò wọ ẹ̀rọ ultrasonic, tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọn ìdọ̀tí kúrò, nínú omi gbígbóná tó tó 50 °C, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ alágbára láti ìhà méjèèjì. A ronú nípa ríra tuntun olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára jẹ́ẹ̀tì irú rẹ̀ kì í bá ihò rẹ̀ mu nígbà mìíràn. Ẹ má sọ jẹ́ẹ̀tì àtilẹ̀wá nù. Bí ihò méjì yẹn kò bá ṣí, a ó yọ ìdérí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ọ̀nà wọn, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀.