Ẹ ka ara páwà sọ́pláì kí ẹ tó ra káàdì gíráfíìkì

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó kékeré to kọ̀ǹpútà géèmù l'Ékòó, Computer Village n'Íkẹjà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ. Ohun tó sì máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí wọ́n tò jọ gègèrè: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre. Ọ̀nà yìí dára gan-an. Ara àpótí wọn le, ojúlówó ni processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) inú wọn, owó wọn sì fi púpọ̀ dín sí ti ẹni tó ń ra ẹ̀yà tuntun níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé káàdì gíráfíìkì, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù sójú monitor, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ rà ná. Wọ́n á gbé e délé tán, kò ní wọ inú àpótí, tàbí kó wọ̀ ọ́ kí páwà sọ́pláì, ẹ̀yà tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, má ní wáyà tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́. Àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà kí ẹ yẹ páwà sọ́pláì inú rẹ̀ wò, káàdì ló kẹ́yìn.

Oríṣi mẹ́ta ni àpótí wọ̀nyí. Èyí tó kéré jù, Micro, kò ní slot (ojú ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀) rárá, kò wúlò fún wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní SFF ní slot, àmọ́ káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan ló gbà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n ju káàdì gbogboogbò lọ, bẹ́ẹ̀ agbára kan náà ni wọ́n ní. Tower, ẹ̀kẹta tó tóbi jù, ni kí ẹ máa bèèrè, kódà bó bá gba kí ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Tí SFF bá wá jẹ́ ọ̀ranyàn, ẹ fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín slot àti páwà sọ́pláì, torí ọ̀pọ̀ káàdì nípọn tó slot méjì.

Ní ti processor, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7. i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7500 jẹ́ ìran keje, i5-4570 jẹ́ ìran kẹrin. Ìran kẹjọ ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, ìdí méjì ló sì wà fún un. Àkọ́kọ́, i5-8500 ní core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) 6, nígbà tí àwọn ìran tó ṣáájú rẹ̀ ní 4. Èkejì, Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ìran kẹjọ sì ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba processor Intel. Géèmù bíi Valorant kì í ṣí lórí Windows 11 bí TPM 2.0 àti Secure Boot, ètò ààbò méjì inú ẹ̀rọ, kò bá sí ní títàn. OptiPlex 7060 àti EliteDesk 800 G4 wà ní ìran yìí. OptiPlex 9020 tí wọ́n máa fi owó pọ́ọ́kú lọ̀ yín, ìran kẹrin ni, RAM DDR3 àtijọ́ ló sì ń lò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ tẹ F2 lórí Dell tàbí F10 lórí HP láti wọ BIOS, ibi ètò ẹ̀rọ náà. Bó bá béèrè password, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Páwà sọ́pláì gan-an ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé lórí. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà lójú yín. Ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páwà sọ́pláì. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lórí rẹ̀, irú 260W tí ẹ máa bá lára tower 7060, kọ́ ni ẹ máa fi ṣírò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí ẹ wo iye A (amp) tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ 18A, 18 lọ́nà 12 jẹ́ 216W, ìyẹn ni processor, káàdì àti àwọn ẹ̀yà yòókù máa pín láàárín ara wọn. Bí +12V bá pé méjì, A àti B, ẹ má kàn rò wọ́n pọ̀: àpapọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé náà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. i5-8500 jẹ́ 65W lórí ìwé, ó sì máa ń fò kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀ bí iṣẹ́ bá já lù ú lójijì. Ẹ fi nǹkan bíi 40W sílẹ̀ fún motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà jókòó lé), RAM, SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì) àti fáànù. Bí ẹ bá fi káàdì 75W lé e, ó di 180W. Kò tó 216W, ó gbà á. RX 580, tó ń jẹ 185W fún ara rẹ̀ nìkan, kò lè bá a gbé.

75W yẹn kì í ṣe nọ́ńbà tí mo kàn mú. Òun ni gbogbo iná tí slot PCIe x16, slot gígùn tí káàdì máa ń wọ̀, lè fún káàdì láìsí wáyà mìíràn. Bí ẹ bá rí ojú ihò onípínnì 6 tàbí 8 lórí káàdì, àpótí ọ́fíìsì yín kò ní wáyà rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́jà lè ní, "Wàhálà kọ́, adapter SATA wà." Ẹ má gbà á. Wáyà tó ń gbé iná fún díìsìkì ni SATA. Pínnì mẹ́ta ló ń gbé 12V nínú ẹnu SATA, 1.5A ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gbé, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54W, bẹ́ẹ̀ káàdì tó wà lẹ́yìn pínnì 6 lè fa 75W gba ibẹ̀. Ike náà á máa gbóná, á yọ́, ó sì lè gbiná. Pípààrọ̀ páwà sọ́pláì náà kì í rọrùn, torí ọ̀pọ̀ nínú motherboard wọ̀nyí kì í lo sókẹ́ẹ̀tì onípínnì 24 tó wà lára èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Nítorí náà, káàdì tí kò gba wáyà ni a ń wá. Èyí tó dára jù lójú mi ni RTX 3050 oní mẹ́mọ́rì 6GB, 70W. Ẹ ṣọ́ra, torí RTX 3050 oní 8GB wà tó ń jẹ 130W, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí owó kò bá dé ibẹ̀, ẹ mú GTX 1650, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú wo orí rẹ̀ nítorí àwọn kan nínú wọn ní ihò onípínnì 6. GTX 1050 Ti ló tẹ̀lé e, òun sì ni káàdì tó kéré jù tí EA FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù, béèrè. RX 6400 ń jẹ 53W péré, àmọ́ lane (ojú ọ̀nà dátà) 4 ló ní, PCIe 4.0 ni wọ́n sì ṣe é fún. Lórí àpótí wọ̀nyí, tó jẹ́ PCIe 3.0, ojú ọ̀nà rẹ̀ á di ìlàjì, géèmù á sì máa já bí mẹ́mọ́rì 4GB rẹ̀ bá kún.

Ayédèrú 1050 Ti pọ̀ nígboro. Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì náà wò. Bí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù oníhò 15, irọ́ ni, torí NVIDIA kò fi VGA sórí ìran yẹn mọ́. Káàdì àtijọ́ bíi GTS 450 ni wọ́n fi software yí lórúkọ padà. Ẹ gbé GPU-Z, software tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, dání lórí flash. Ó yẹ kí ó kọ GP107, orúkọ chip rẹ̀, fún 1050 Ti, bó bá sì rí ayédèrú, á kọ [FAKE] síwájú orúkọ rẹ̀.

RAM: 16GB, 8GB lọ́nà méjì, ẹ má ra ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan á jẹ́ kí ojú ọ̀nà méjì tí processor ní di ẹyọ kan. Ẹ ka ìwé ara rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ PC4-2666V-U, ó bá a mu. Bí lẹ́tà R bá wà níbi tí U wà, ti server (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́) ni, ẹ̀rọ yín kò ní tan pẹ̀lú rẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

SSD NVMe 512GB tó. 256GB á kún kíákíá, torí EA FC 24 nìkan ń gba 100GB.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ nu páàsìtì gbígbẹ tó ń gbé ooru kúrò lórí processor pẹ̀lú spirit, kí ẹ kán tuntun tó tó ẹ̀wà kan sí àárín rẹ̀. Ẹ fi ìka di fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ eruku inú rẹ̀. Ara káàdì ni kí ẹ ki okùn monitor bọ̀, kì í ṣe ara motherboard. Àìmọ èyí ló ń mú kí àwọn kan rò pé káàdì wọn ti kú.

Ó ku iná. UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ) 650VA kì í ṣe 650W, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju 360W lọ. Iná tó ń jáde lára èyí tó pọ́ọ́kú kò tẹ́jú bíi ti NEPA, àwọn páwà sọ́pláì kan sì máa ń kọ̀ ọ́ bí iná bá ṣe lọ. Lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ẹ ṣí géèmù fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fa okùn UPS yọ lára ògiri. Bí kọ̀ǹpútà bá tún ara rẹ̀ tàn, ẹ ní kó gbé UPS mìíràn wá.