Ọmọ inú òkùnkùn tó ń bá oníná ṣẹjọ́

Ẹ̀rín ni Màmá kọ́kọ́ rín lórí fóònù nígbà tí mo ní mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìlú Portland ní Amẹ́ríkà níbí, pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn oníná na wáyà gba inú igbó Forest Park. "Àdùkẹ́, ìwọ náà? Ìwọ tó o fi àtùpà kàwé ní Òkè-Àdó, ìwọ lo wá ń lé iná?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ti fi àbẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ sùn mọ́jú rí kì í fi ọ̀rọ̀ iná ṣàwàdà.

Ṣùgbọ́n Forest Park kì í ṣe ọgbà òdòdó tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí o. Igbó gidi ni, ó lé ní 5,000 éékà, láàárín ìlú níbí, lórí òkè tó kọjú sí odò Willamette. Láti 1948 ni ìlú ti yà á sọ́tọ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó gùn tó máìlì 30. Orúnkún mi ò tíì jẹ́ kí n rìn ín já. Ìhà àríwá rẹ̀ làwọn oníná fẹ́ ti ṣán nǹkan bí éékà 5. Igi tó máa lọ sí i lé ní 370, òmíràn nínú wọn sì ti lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Wọ́n ní àwọn á gbin tuntun. Ta ló máa dúró dè é?

Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan tí mo ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, òjò ń ṣe wínníwínní. Mo dúró ti Douglas fir kan. Èèpo rẹ̀ là bí gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Mo tú ìborùn ọ̀pá méjì tó wà lọ́rùn mi, mo fi yí igi náà. Etí rẹ̀ méjèèjì ò kanra. Bàbá kan tó ń fa ajá kọjá wò mí títí, bí ẹni rí ẹni tó ń wé gèlè fún igi.

N ò sọ pé irọ́ làwọn oníná ń pa. Wọ́n ní iná tí aráàlú ń lò ń pọ̀ sí i, pé tí wáyà ò bá kún un, ìgbà tó bá fi máa di 2028, iná lè máa lọ. Àmọ́ ilé ńláńlá tí wọ́n kó kìkì kọ̀ǹpútà sí wà lára àwọn tó ń fa iná yẹn mu, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta tèmi nìkan. Ìlú sì ti ṣe ìlànà tí wọ́n á fi máa dáàbò bo igbó yìí sílẹ̀ láti 1995. Kí wọ́n wá ibòmíràn gbé wáyà gbà, òun ni mo kọ sínú lẹ́tà.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, gbogbo ìgbìmọ̀ panu pọ̀, wọ́n ní àwọn ò gbà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ti fọwọ́ sí i fáwọn oníná tẹ́lẹ̀. Mo pe Màmá. N ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi bú lọ́dọ̀ wọn.

"Wọ́n ti mú un lọ o," Màmá ní. "Igi tó o ń wí yẹn ńkọ́, wọ́n ti fi í sílẹ̀?"